Nígbà tí Fíìmù Ìbejì Apá Kejì Dé Enugu

Ní gbogbo Awkunanaw, àdúgbò wa ní Enugu, bí ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ẹ bèèrè ẹni tó mọ fíìmù, ẹni tó gbé okpa, oúnjẹ àwọn ará Enugu, lórí tó ń kiri á fi ọwọ́ júwe gbọ̀ngàn mi fún yín. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn, bó ṣe rí ni mo sọ yẹn. Ìwé kẹta ni mo dé tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù tí ojú mi ti rí láyé yìí, bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi oyè dá ènìyàn lọ́lá nítorí rẹ̀ ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọn ì bá máa pè mí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi wá sí Enugu. Bàbá mi kú, rélùwéè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ, ó wá ku èmi. Mo kọ́ gbọ̀ngàn.

Kọ̀tìnì ló pín gbọ̀ngàn náà sí méjì. Ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ti fíìmù: bẹ́ǹṣì, fáànù, àti tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ òsì jẹ́ ti géèmù, ìjọba ọmọbìnrin mi àgbà nìyẹn. Nígbà tó jáde yunifásítì tí iṣẹ́ kò yọjú, mo ní kó gba apá òsì kó máa fi ṣe nǹkan. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kó ẹ̀rọ géèmù wọlé, ó sì ti gbé òfin kalẹ̀: ẹni tí wọ́n bá nà, kó gbé pádì sílẹ̀ kó dìde, ẹni tó nà án ló ni ìjókòó. Àwọn ọmọkùnrin tí kì í gbọ́ ti ìyá wọn nílé ń gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ mi ni. Níbo ló ti fẹ́ rí ojo?

Àmọ́ ariwo wọn! Kọ̀tìnì kò ká ariwo. Bí ìyá kan bá ń sunkún ọmọ rẹ̀ nínú fíìmù lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn tọwọ́ òsì á ké "Góòòlù!" bí ẹni pé òkú náà dùn mọ́ wọn nínú.

Ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn ni fíìmù Yorùbá máa ń wáyé lọ́dọ̀ mi. Àwọn kọ́pà máa ń wá, àti akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé àdúgbò New Haven nínú ìlú wa níbí tí wọ́n máa ń gbé mọ́tò wọn síta gbọ̀ngàn mi bí ẹni tó fẹ́ kí n jẹ́rìí sí i. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ẹnì kan kì í bèèrè. Èmi náà ní ìdí tèmi. Enugu ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ mi, ọmọ Igbo ni ìyá wọn, Pidgin ni mo rò pé wọ́n fi ń lálàá. Gbọ̀ngàn yẹn lọ́jọ́ Sunday nìkan ni ibi tí Yorùbá ti ń wọ etí wọn fún odindi fíìmù kan láìjẹ́ pé èmi ni mò ń bá wọn wí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi àgbà yìí dúró níwájú mi, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Dádì, make we comot this curtain. Everywhere go be game. Film na for inside phone now."

Bó bá fi Pidgin bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá ni mo fi ń dá a lóhùn.

"Ilé ta nìyí?"

"Na your house, sir."

"Ó dáa. Jẹ́ kí kọ̀tìnì sinmi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà rí ohun tó ń rí. Bẹ́ǹṣì ọ̀tún ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn mi, tó máa ń wá wo fíìmù Yorùbá láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, oorun ló ń sùn níbẹ̀ báyìí. Ó ní fáànù mi dára ju tòun lọ.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí fíìmù ìbejì jáde.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò wò ó. Obìnrin kan bí ìbejì lásìkò ogun. Agbẹ̀bí so òwú pupa mọ́ ọwọ́ èyí tó kọ́kọ́ jáde kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú. Bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń pààrọ̀ òwú, títí tó fi di jagunjagun tí gbogbo ìlú ń sá fún. Nínú fíìmù yẹn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní Táíwò, wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní Kẹ́hìndé. Oríkì ni ìyá wọn fi ń pè wọ́n. Àwa nílé tiwa, Olówùú Pupa là ń pe jagunjagun yìí. Ọmọ náà ń fò láti orí ẹṣin kan sí òmíràn! Èkejì rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà ló máa ń jókòó sí, ó sì máa ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ní ìparí, ọ̀tá lé àwọn méjèèjì kó sínú odò. Ìránṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn, ó ṣí fìlà, ó ní: "Ìyá, ẹ̀gbọ́n ti bá omi lọ." Ìyá fi igbe ta. Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù. Ó tán. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká máa retí apá kejì.

Lọ́jọ́ tí a wò ó, apá òsì gbọ̀ngàn mi dákẹ́. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé wọ́n ti gba abẹ́ kọ̀tìnì wọlé, pádì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Wọ́n ń sunkún Olówùú Pupa. Ọ̀gá tó ń lẹ táyà fi àkísà rẹ̀ nu ojú, ojú náà wá dúdú rádaràda.

"Chairman," ó ní, "why dem go kill that kind pikin?"

Ni mo bá dìde. Ẹ mọ̀ pé mo ga. Nígbà tí mo bá dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè wò mọ́.

"Ta ló kú? Ẹ̀yin aláìmọ̀kan wọ̀nyí, ta ló sọ fún yín pé Olówùú Pupa kú?"

Ọmọ mi nu imú. "Dádì, dem say elder brother. Dem write am for English under. Na him first come out. All of us see am."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́ díẹ̀, kó tó wá dùn mọ́ mi, nítorí mo rí i pé èmi nìkan ni mo mọ ọ̀nà nínú igbó yẹn.

"Ọmọ mi, fetí sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, èyí tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wà nínú, ó rán àbúrò níṣẹ́: lọ bá mi tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Àbúrò dé, ó ké, ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, òun náà wá ń bọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Olówùú Pupa ló kọ́kọ́ dé, òun ni àbúrò. Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló bómi lọ. Olówùú Pupa wà láàyè bí èmi àti ìwọ."

"So person wey come last na senior?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, that one no make sense at all."

"Bí ọba bá ń jáde, ta ló ń ṣáájú? Ọba ni àbí ẹmẹ̀wà?"

Ó fẹ́ fèsì. Ọ̀gá onítáyà ló gbà á lẹ́nu rẹ̀: "For my place, Chairman, first na first."

"Ibi tó o wí yẹn kọ́ ni wọ́n ti ṣe fíìmù," mo ní.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín, kọ́pà kan láti Ìbàdàn, ọ̀gá àwọn onígéèmù. Bí ó bá ti jókòó síbi géèmù ní apá òsì, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dìde.

"Bàbá," ó ní, "òótọ́ lẹ sọ, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìyá mi àgbà náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe fíìmù lóde òní, ṣé ẹ rò pé wọ́n ń rò ó débẹ̀? Òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń tà á fún gbogbo ayé. Ayé gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n kú, ayé sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé."

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ ọ́n, o sì ń jiyàn?"

"Ẹ má bínú, sà. Mò ń sọ tèmi ni."

Bí iyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, tí kò sì tán fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ò rí nǹkan! Bẹ́ǹṣì mi tún kún. Wọn ò wá wo fíìmù, iyàn ni wọ́n ń wá jà. Àwọn ará Ugwuaji tí mi ò rí rí gbọ́ pé bàbá Yorùbá kan wà tó ní òkú kò kú, wọ́n wọ kéké wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo tún un sọ. Ó túbọ̀ ń dùn ni.

Láti orí ìbejì, iyàn máa ń bọ́ sórí èwo ló dára jù, fíìmù àbí géèmù. Kọ́pà yìí lẹ́nu.

"Bàbá, ẹni tó ń wo fíìmù, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí. Ibi tí wọ́n bá darí orí sí ló ń dojú kọ. Nínú géèmù, èmi fúnra mi ni mò ń jà. Bí ọ̀nà ọ̀tún kò bá wù mí, mo gba ti òsì."

"Bí wọ́n bá pa ọ́ ńkọ́?"

"Màá tún bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ó tán!" Mo na ìka sí i. "O kú láàárọ̀, o jí lọ́sàn-án, o tún kú kó o tó jẹun. Ta ló fẹ́ sunkún irú òkú bẹ́ẹ̀? Fíìmù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ènìyàn ń kú nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí onítáyà fi fi àkísà nu ojú. Ta ló ti rí i kó sunkún nítorí géèmù?"

"Èmi ti sunkún nítorí géèmù rí," ẹnì kan ní láti ẹ̀yìn. "Ìgbà tí wọ́n mú iná lọ tí mo fẹ́ borí."

Ẹ̀rín pa wá. Mo tilẹ̀ bá wọn ta géèmù bọ́ọ̀lù wọn lọ́jọ́ kan kí wọ́n má baà ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo gbá góòlù wọlé kí kọ́pà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ilé ara mi ni mo gbá a sí. Bọ́ọ̀lù wọlé tàbí kò wọlé? Ó wọlé. Ẹ má jẹ́ ká jiyàn lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ṣe fíìmù ìbejì gbé géèmù tirẹ̀ jáde, kí ojú wa má baà kúrò lọ́nà apá kejì. Nínú géèmù náà, ìwọ ni ọmọ ogun tí ìyá ìbejì rán láti wá àwọn ọmọ rẹ̀ kiri. O máa jà títí o fi dé etí odò. Kọ́pà ló kọ́kọ́ débẹ̀ nínú gbogbo wọn. Mo wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo kàn gbọ́ ariwo bí ìgbà tí òrùlé bá ń ṣí.

"Bàbá! Ẹ wá wo ibojì ọmọ yín!"

Mo gbé kọ̀tìnì sókè. Lójú tẹlifíṣọ̀n wọn, ẹ̀bá odò, òkìtì ibojì kan wà, igi kan dúró lórí rẹ̀, òwú pupa wà lára igi náà. Òwú yẹn gan-an. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ.

Mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ẹni tó ṣe fíìmù náà ló ṣe géèmù," kọ́pà sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń kí olófò. "Wọ́n ti sọ fún wa, Bàbá. Olówùú Pupa ti lọ."

Ọmọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Dádì, oya now. If him die for part two, curtain go comot. All of us go hear am from your mouth."

Ó yẹ kí n ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ì bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára mi, àti ti onítáyà, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú pọ́ǹpù lọ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o," mo ní. "Bí Olówùú Pupa bá kú nínú apá kejì, ọwọ́ ara mi ni màá fi fa kọ̀tìnì yìí ya, kí ẹ fi géèmù kún gbogbo ilé. Bí kò bá kú, lọ́jọ́ Sunday tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ìró pádì kan ní apá òsì. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́!"

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti gbọ́ kí n tó dé. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń jẹ́ káyé mọ̀ lọ.

"Di m," ó ní, bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe ọkọ rẹ̀, "fíìmù tí ìwọ kò ṣe, o fi gbọ̀ngàn tí ìwọ kọ́ dúró fún un?"

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

"Bó bá kú ńkọ́? Kí lo máa fi ọjọ́ Sunday rẹ ṣe?"

Mo ní kó bu oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ bó ṣe máa ń lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé kọ̀tìnì kọ́ ló ń já mi láyà. Àwọn ọmọ mi ni. Bí gbọ̀ngàn bá di ti géèmù tán, Òyìnbó àti Pidgin nìkan ni yóò máa dún níbẹ̀. Mo máa wá di bàbá tí ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé ni nǹkan ń burú sí i. Wọ́n fi díẹ̀ lára apá kejì hàn lórí fóònù: ìyá ìbejì wọ aṣọ dúdú, ó ń rìn lọ sétí odò. A ò rí Olówùú Pupa, a ò rí èjìká rẹ̀ pàápàá. Àhesọ tún gbòde pé òṣèré tó ṣe é ti lọ sókè òkun, pé òun àti àwọn tó ni fíìmù ti jà. Kọ́pà kì í fi mí ṣẹ̀sín mọ́, ó ti ń ṣàánú mi, ìyẹn sì burú ju ẹ̀sín lọ. Onítáyà ní, "Chairman, you fit say na play you dey play."

"Èmi kì í ṣeré," mo ní. Ẹnu mi le. Inú mi lọ́hùn-ún, mò ń bi àwọn tó ṣe fíìmù náà léèrè pé: ṣé ọmọ Yorùbá ni yín àbí ẹ kì í ṣe ọmọ Yorùbá? Bí ìyá yín bá wà, ẹ ò lè pe èyí tó kọ́kọ́ dé ní ẹ̀gbọ́n kó gbà fún yín.

Ọ̀sán Saturday ni a lọ wò ó ní sinimá ńlá tó wà láàárín ìlú. Kéké tẹ̀ lé kéké láti Awkunanaw. Mo wọ bùbá aláwọ̀ sánmà mi àti fìlà tó bá a mu. Bí mo bá máa ṣubú, kí n ṣubú nínú aṣọ tó dára. Òórùn gúgúrú kún ibẹ̀. Ọmọ mi jókòó lọ́wọ́ òsì mi, onítáyà lọ́wọ́ ọ̀tún, kọ́pà àti àwọn onígéèmù tò síwájú wa, wọ́n ń wẹ̀yìn wò mí lóòrèkóòrè.

Iná kú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn? Ibojì. Ibojì inú géèmù yẹn gan-an, òkìtì náà, igi náà, òwú pupa tí atẹ́gùn ń fẹ́. Gbogbo sinimá mí kanlẹ̀. Kọ́pà wẹ̀yìn, kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí sí mi jẹ́jẹ́. Ọmọ mi wá ọwọ́ mi nínú òkùnkùn, ó dì í mú.

"Dádì," ó ní. Ó dúró díẹ̀, ó wá fi Yorùbá sọ ọ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo fẹ́ dìde kí n jáde, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ mi kò tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ìyá ìbejì dé ibi ibojì náà nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí òwú. Kó tó kàn án, ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, ó dì í mú. Wọn ò fi ojú hàn wá, ọwọ́ nìkan ni. Lára ọrùn ọwọ́ náà, ibi tí òwú ti wà láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọwọ́ po bí òrùka. Ó ti tú òwú kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì ti so ó mọ́ igi ibojì arákùnrin rẹ̀.

Ìyá yíjú. Olówùú Pupa ló dúró níbẹ̀, ó gbẹ, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Ìyá," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi wá sáyé. Kò ní lọ lọ́wọ́ òfo."

Ẹ̀yin ènìyàn! Mi ò mọ ìgbà tí mo gun orí ìjókòó. Mi ò mọ ìgbà tí fìlà mi fò lọ bá àwọn tó wà níwájú. "Mo wí i! Ẹ̀gbọ́n kọ́ ló kọ́kọ́ dé! Mo wí i!" Onítáyà gbé mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Ó ń ké, "Chairman! Last na first! Last na first!" Àwọn tí a kò mọ̀ rí nínú sinimá náà bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, bóyá fún Olówùú Pupa, bóyá fún mi. Mo gba gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ sinimá kan gbé tọ́ọ̀ṣì wá, ó ní ká jókòó. Mo jókòó.

Nígbà tí a jáde sí ìmọ́lẹ̀, kọ́pà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síménǹtì dídán ibẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, fìlà mi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti borí. Mo rí ibojì, mi ò bèèrè ẹni tó so òwú."

"Dìde, ọmọ Ìbàdàn. Géèmù kò purọ́ fún ọ. Bó o ṣe débẹ̀ lo ti ń sáré wá ọ̀tá tó kàn."

Kí n sọ ti Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ òwú tí Olówùú Pupa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà kò ní láti mọ gbogbo òkúta orí rẹ̀. Mo gba fìlà mi, mo dé e, mo jẹ́ kó gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú kéké, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ni ọmọ mi bá bi mí ní Yorùbá, ó ń wá àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì: "Dádì, ẹ̀gbọ́n yẹn... tó wà nínú... ṣé ó mọ̀ pé ayé kò dùn, ló ṣe rán àbúrò rẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Kò mọ̀," mo ní. "Ó fẹ́ gbọ́ igbe àbúrò rẹ̀ kó tó wá ni."

Ó mi orí. Ó ní ó ti yé òun.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn kún débi pé mo gbé bẹ́ǹṣì jáde sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n tún fi apá kìíní hàn, nítorí wọ́n fẹ́ fi ojú tuntun wò ó. Ìyàwó mi pàápàá wá, ó ní nítorí fáànù lòun ṣe wá. Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Ní apá òsì, bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kọ́pà wà lórí ìjókòó rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbé e kúrò, ó fẹ́ borí.

Mo la ẹnu kí n rán wọn létí àdéhùn wa. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti òwúrọ̀, ó gùn, ó sì dára. Kò dé ẹnu mi. Ọmọ mi ti gbé kọ̀tìnì sókè.

"Una, drop pad," ó ní. "Film don start. Ẹ wá jókòó."